Ṣé Òótọ́ ni Pé Ohùn Àwọn Olórin Kan Kò Ṣeé Fara Wé?

Olùkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Mo ń kọrin nínú ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti máa tún orin àwọn olórin ńlá kọ fún èrò. Àwọn olórin kan wà tí mo lè kọ orin wọn débi pé àwọn èrò á máa wojú ara wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé orí Billie Holiday tàbí Louis Armstrong, àwọn olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, bí ẹni tí ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo máa ń rí lójú ara mi. Olórí ẹgbẹ́ wa ní àwọn ohùn kan wà tí Ọlọ́run kò dá ìkejì wọn, pé kí n yé da ara mi láàmú. Ṣé òótọ́ ni ó sọ? Kí ló dé tí àwọn kan fi ṣeé fara wé tí àwọn kan kò sì ṣeé fara wé?"

Olórí ẹgbẹ́ yín kò parọ́, àmọ́ ibi tí ó fi ìṣòro náà sí kọ́ ni ó wà. Bí ó bá jẹ́ ti ohùn lásán ni, ìyẹn bí ó ṣe ń dún létí kí a tó fetí sí ohun tí olórin ń sọ, àwọn olórin tí ẹlòmíràn kò lè sún mọ́ ohùn wọn kò pọ̀ rárá. Ohun tí ó ń dá afarawéni dúró ni àwọn ìpinnu kéékèèké tí olórin ń ṣe láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì: ìgbà tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ibi tí ó ti dánu dúró láti mí, ọ̀rọ̀ tí ó tẹnu mọ́ àti èyí tí ó fò kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohùn tí gbogbo ayé ń pè ní aláìlẹ́gbẹ́ ni ó sábà máa ń rọrùn jù lọ láti sín jẹ fún ìṣẹ́jú kan, òun kan náà ni ó sì máa ń ṣòro jù lọ láti fi kọ odidi orin kan délẹ̀. Ẹ ti mú ohùn Armstrong, ẹ kò tíì mú àwọn ìpinnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ tí ẹ ń rí lójú ara yín ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ti ara, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn máa ń dì mọ́ jù. Èémí tí ó ń jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró ń gba àárín tán-án-ná méjì, ìyẹn awọ tí ń mú ohùn jáde, tí ó wà nínú gògóńgò kọjá, ó sì ń mú kí wọ́n gbọ̀n. Tán-án-ná ọkùnrin àgbà sábà máa ń gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 17 sí 25, ti obìnrin sì máa ń tó nǹkan bíi 12 sí 17. Bí wọ́n ṣe gùn tó, bí wọ́n ṣe nípọn tó àti bí a ṣe nà wọ́n tó ni ó ń pinnu iye ìgbà tí wọn yóò gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni etí wa sì ń gbọ́ bí ohùn tí ó lọ sókè tàbí tí ó wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró tí ó ń jáde láti ibẹ̀ kò tíì jọ ohùn ẹnikẹ́ni. Ihò ọ̀fun, káà ẹnu àti káà imú ni wọ́n ń gbé apá kan nínú ìró náà ga, tí wọ́n ń tẹ apá kan rì, títí tí ó fi di ohùn ẹni tí a mọ̀. Láti tán-án-ná dé ètè, ọ̀nà tí ìró náà ń gbà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17 lára ọkùnrin àgbà, ti obìnrin sì máa ń tó 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ afarawéni ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ó lè gbé gògóńgò rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ìró náà kúrú, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó gùn sí i. Ó lè na ètè síwájú, ó lè jẹ́ kí àfàsé, ìyẹn ẹran rírọ̀ tí ó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, wálẹ̀ kí ohùn máa gba imú jáde, ó lè fún ọ̀fun pọ̀ kí ohùn há, ó sì lè tú èémí púpọ̀ sílẹ̀ kí ohùn rọ̀. Ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni egungun ojú, bí àjà ẹnu ṣe rí, àti bí tán-án-ná rẹ̀ ṣe gùn tí ó sì nípọn tó láti ilẹ̀. Bí ara yín àti ti olórin tí ẹ fẹ́ fara wé kò bá jìnnà sí ara wọn púpọ̀, ohun tí ẹ lè yí padà ti tó láti tan etí èrò jẹ.

Àwọn tí ara wọn ṣe ohun tí ara ẹlòmíràn kò lè ṣe wà lóòótọ́. Alessandro Moreschi, tí ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Póòpù ní Róòmù, wà lára àwọn ọmọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá kí ohùn wọn má baà wálẹ̀. Ó gba orin sílẹ̀ ní 1902 àti 1904, ó kú ní 1922, kò sì sí ẹlòmíràn nínú irú wọn tí a mọ̀ pé ó dá orin kọ sínú àwo. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù nípa Farinelli, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, fíìmù tí ó jáde ní 1994, wọn kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè kọ orin rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan, Derek Lee Ragin, àti ti obìnrin kan, Ewa Malas-Godlewska, ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà pò pọ̀ di ọ̀kan. Jimmy Scott, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 2014, ní àìsàn kan tí a bí mọ́ ọn tí kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yí padà ní ìgbà ìbàlágà, ó sì fi ohùn gíga tí ó kún fún ọgbọ́n àgbà kọrin títí ó fi darúgbó. Irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ olórí ẹgbẹ́ yín bá mu. Ṣùgbọ́n Holiday àti Armstrong kò sí lára wọn.

Freddie Mercury ti ẹgbẹ́ Queen ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò jù, nítorí pé ohùn rẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn ènìyàn máa ń fi búra pé kò ní ìkejì. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan tí Christian Herbst wà lára wọn tẹ ìwádìí jáde lórí ohùn náà. Wọ́n rí i pé nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ lásán, tán-án-ná rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bíi ìgbà 117 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó fi hàn pé ohùn ọkùnrin àárín ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ohùn òkè ni gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n rìrì lórí ìró tí ó fà gùn yá ju ti ọ̀pọ̀ olórin lọ: ó tó nǹkan bíi ìgbà méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì dọ́gba, nígbà tí ti àwọn olórin tí a kọ́ dáadáa sábà máa ń wà láàárín márùn-ún sí mẹ́fà tí ó sì máa ń dúró déédéé.

Ohun tí ó wú mi jù nínú ìwádìí náà ni ọ̀nà tí wọ́n gbà wo inú ọ̀fun. Mercury ti kú láti 1991, nítorí náà wọ́n pe olórin kan, Daniel Zangger-Borch, pé kí ó fara wé ohùn líle tí Mercury máa ń gbé jáde níbi tí orin bá ti gbóná, wọ́n sì fi kámẹ́rà tí ń ya àwòrán tí ó lé ní 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú gògóńgò rẹ̀. Wọ́n rí i pé yàtọ̀ sí tán-án-ná, awọ méjì mìíràn tí ó wà lókè wọn, tí a kì í sábà lò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ń gbọ̀n pẹ̀lú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ohùn tí wọ́n ní kò ṣeé fara wé, àfarawé rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni fíìmù Bohemian Rhapsody jáde. Rami Malek ni ó ṣe Mercury nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ohùn orin tí a ń gbọ́, ti Mercury fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ti Marc Martel, olórin ará Kánádà, wà níbẹ̀, ti Malek náà wà níbẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wò ó kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi ojú sí ohun tí àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ Queen ṣe. Ẹgbẹ́ mìíràn tí Roger Taylor kó jọ láti máa ṣe àfihàn àwọn orin Queen ni Martel ti kọrin. Nígbà tí Taylor àti Brian May fúnra wọn fẹ́ gun orí ìtàgé, Paul Rodgers ni wọ́n kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà Adam Lambert, kò sì sí èyí tí ó gbìyànjú nínú àwọn méjèèjì láti dún bíi Mercury. Ní tèmi, àwọn tí ó bá Mercury ṣiṣẹ́ sún mọ́ ọn tó láti mọ̀ pé ohùn tí ó jọ tirẹ̀ ṣeé rí, àti pé rírí i kò yanjú ohun tí wọ́n ń wá.

Ó yẹ kí n wá dé orí Armstrong, nítorí pé òun ni ẹ̀tàn rẹ̀ pọ̀ jù. Ohùn híhá yẹn, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè fún ọ̀fun pọ̀ lè gbé e jáde, èyí ni kò fi sí aláwàdà kan tí kò ṣe é rí. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé afarawéni ń há ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀ bákan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Armstrong kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afunfèrè ni ayé kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí, bí ó sì ṣe ń fun fèrè rẹ̀ ni ó ṣe ń kọrin: ó máa ń gé orin kúrú, ó lè fi ìró kan ṣoṣo rọ́pò mẹ́rin tí ẹni tí ó ṣe orin náà kọ síbẹ̀, ó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣubú sẹ́yìn ìlù kí ó sì fi èyí tí ó tẹ̀ lé e sáré bá a. Nínú àwo tí ó ṣe ní 1926, tí ó fi àwọn ìró tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọrin, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fèrè ní gbangba. Ohùn rẹ̀ ìgbà yẹn fúyẹ́, ó sì ga ju èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ lọ. Èyí tí gbogbo ayé ń sín jẹ ni ti 1967, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ku ọdún mẹ́rin kí ó kú. Bí ẹ bá wá gbé ohùn àgbàlagbà yẹn lé orin tí ó kọ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, orin náà yóò kọ̀ ọ́, ẹni tí ó bá sì mọ àwo náà yóò mọ̀ pé ohun kan kò bá ibẹ̀ mu kódà bí kò bá lè sọ ohun tí ó jẹ́.

Bob Dylan, olórin ará Amẹ́ríkà, náà ní tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ ohùn tí ń gba imú jáde yẹn, síbẹ̀ nínú àwo tí ó gbé jáde ní 1969, Nashville Skyline, ohùn tí ó dán tí ó sì rọ̀ ni ó fi kọrin. Ta wá ni afarawéni Dylan ń fara wé?

Holiday ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù lọ. Wọ́n bí i ní 1915, ó kú ní 1959, ohùn rẹ̀ kò sì tóbi. Àyè tí ó ń lò láti ìsàlẹ̀ dé òkè kò ju ìró mẹ́jọ ìpìlẹ̀ àti díẹ̀ lé lórí lọ, kì í pariwo, kì í sì fi ohùn ṣe ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àwọn àwo tí ó ṣe pẹ̀lú Teddy Wilson tí ń tẹ dùùrù àti Lester Young tí ń fun sasofóònù ní àwọn ọdún 1930, ohùn ọ̀dọ́bìnrin tí ó tan tí ó sì fúyẹ́ ni ẹ óò gbọ́. Bí ẹ bá wá fi Lady in Satin tẹ̀ lé e, èyí tí ó gbà sílẹ̀ ní 1958, ẹ óò gbọ́ ohùn tí ó ti gbó, tí ó ti há, tí èémí kò tó nínú rẹ̀ mọ́. Bí a bá fi ẹ̀rọ wọn ohùn méjèèjì, ohun tí yóò yàtọ̀ níbẹ̀ pọ̀ gan-an. Síbẹ̀ ẹni tí ó mọ ti àkọ́kọ́ yóò dá èkejì mọ̀ kí ìlà kan tó parí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dá ojúlùmọ̀ mọ̀ lókèèrè nípa ìrìn rẹ̀ kí a tó rí ojú rẹ̀. Ohùn ti yí padà tán, Holiday ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe inú ohùn ni Holiday ń gbé.

Níbo wá ni ó ń gbé? Ó wà nínú bí ó ṣe ń bá ìlù ṣe. Àwọn onílù àti ẹni tí ń tẹ dùùrù á máa lọ déédéé, òun á sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn wọn, kì í ṣe pé ó gbàgbé, nítorí pé ní òpin ìlà náà yóò ti dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ìgbà mìíràn, yóò kó ọ̀rọ̀ mẹ́fà pọ̀ sínú àyè mẹ́ta, yóò sì fi àyè tí ó jèrè dákẹ́. Yóò tẹ́ orin náà pẹrẹsẹ, yóò kọ ibi tí ó yẹ kí ó gòkè sílẹ̀, kí ìró kan ṣoṣo tí ó bá wá gbé sókè lè wọni lára. Èyí tí ó sì fi le ni pé kì í ṣe é bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá há gbogbo ìpẹ́lẹ́yìn tí ó wà nínú àwo kan sórí, ẹ ti sọ ohun tí ó jẹ́ ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀ di àkọ́sórí lọ́wọ́ yín, etí olùgbọ́ á sì gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Umm Kulthum ti Íjíbítì, tí ó kú ní 1975, gbé ọ̀nà yìí lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gbé orin rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, orin kan ṣoṣo sì lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ewì náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ìlà kan bá wọ àwọn èrò lára, wọn á kígbe kí ó tún un kọ, òun á sì tún un kọ, ṣùgbọ́n lọ́nà mìíràn: yóò yí ibi tí ó ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ padà, yóò fa ọ̀kan gùn, yóò gba ọ̀nà ohùn mìíràn padà sílé. Kíké Kùránì tí ó kọ́ ní kékeré lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó fún un ní ìmọ̀ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kedere tí a sì ń fa ohùn lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ fara wé e, èwo nínú gbogbo ọ̀nà tí ó gbà kọ ìlà kan ni yóò mú?

Ẹ kò sì ní láti lọ jìnnà kí ẹ tó rí i. Àpàlà ni Haruna Ishola kọ, àpàlà ni Ayinla Omowura náà kọ. Nínú orin tí a fi Yorùbá kọ, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ kò jẹ́ kí olórin lè gbé orin gba ibi tí ó bá wù ú, nítorí náà ẹnì kan lè rò pé àwọn méjèèjì yóò jọra. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ishola ń rọra sọ̀rọ̀, ó ń jẹ́ kí òwe kan balẹ̀ kí ó tó mú òmíràn. Omowura ń lé ọ̀rọ̀ níwájú ìlù bí ẹni tí ó ní ẹjọ́ láti rò. Àyè tí èdè kò gbà wọ́n láyè láti lò nínú gíga àti sísọ̀kalẹ̀ ohùn, inú àsìkò ni wọ́n ti lò ó.

Àwọn tí ń ṣe fíìmù nípa olórin ti mọ èyí, wọ́n sì máa ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì. Nínú fíìmù nípa Ray Charles tí ó jáde ní 2004, ohùn Charles fúnra rẹ̀ ni a gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ orin náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Whitney Houston ní 2022. Taron Egerton ní tirẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orin Elton John ní 2019, Marisa Abela náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ti Amy Winehouse ní 2024. Èyí tí ó bá Egerton mu jù, lójú tèmi, ni pé kò lépa ohùn John. Ìwà orin náà ni ó mú. Àwọn ẹgbẹ́ olórin náà ti dojú kọ ìbéèrè yìí. Journey rí Arnel Pineda, ará Filipínì, lórí YouTube ní 2007, wọ́n sì mú un nítorí pé ó lè kọ orin tí Steve Perry, olórin wọn àtijọ́, ti kọ gẹ́gẹ́ bí àwọn èrò ṣe mọ̀ ọ́n. AC/DC ní tiwọn, nígbà tí Bon Scott, olórin wọn, kú ní 1980, Brian Johnson ni wọ́n mú, tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, àwo tí wọ́n sì gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà wà lára àwọn tí ó tà jù lọ láyé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn pé ohùn tí ó yàtọ̀ kò ṣeé fara wé, kí ó wo ilé ẹjọ́. Ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìpolówó ọjà fún Ford ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí Bette Midler kọrin nínú ìpolówó wọn, ó kọ̀, wọ́n sì lọ mú ọ̀kan nínú àwọn elégbè rẹ̀ àtijọ́ pé kí ó kọ ọ́ bí Midler ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àwọn tí wọ́n mọ Midler dáadáa rò pé òun ni. Ní 1988, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a pé bí ohùn olórin kan bá yàtọ̀ tí ayé sì mọ̀ ọ́n, mímọ̀ọ́mọ̀ fara wé e láti fi tajà jẹ́ gbígba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ ìpolówó náà san $400,000 fún Midler. Tom Waits, tí ohùn rẹ̀ há ju ti Armstrong lọ, tí kì í sì í gbà láti polówó ọjà, jàre ilé iṣẹ́ Frito-Lay tí ń ṣe ìpápánu lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 1992, pẹ̀lú owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Akọrin tí wọ́n lò ti ń kọ orin Waits láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Ẹjọ́ wọ̀nyí kò kan ẹgbẹ́ bíi tiyín tí ó ń sọ fún èrò pé orin ẹlòmíràn ni àwọn ń kọ. Ìpolówó tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé olórin náà fọwọ́ sí ọjà ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wá mú kí ìyàtọ̀ tí mo ń sọ rọrùn láti rí. Ní oṣù kẹrin 2023, orin kan tí a fi ohùn àwọn olórin méjì, Drake àti The Weeknd, tí kọ̀ǹpútà ṣe kọ tàn ká kí wọ́n tó mú un kúrò lórí àwọn ojú òpó orin. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dáàbò bo ohùn ènìyàn lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé ẹnì kan yóò kọ orin náà, ẹ̀rọ yóò sì bọ́ ohùn rẹ̀ kúrò, yóò fi ti ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wọ̀ ọ́. Ibi tí akọrin náà ti mí, bí ó ṣe pẹ́ lẹ́yìn ìlù, ọ̀rọ̀ tí ó tẹnu mọ́, gbogbo rẹ̀ á ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ohùn Holiday wọ ẹni tí ń bá ìlù rìn déédéé, ẹ óò gbọ́ ohun tí ó jọ Holiday tí kì í ṣe Holiday.

Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ pa ohùn tì ná. Ẹ mú orin Holiday kan, ẹ gbé e sí ìwọ̀n ohùn tí ó rọ̀ yín lọ́rùn, kódà bí ó bá jìnnà sí ti àwo náà, kí ẹ sì máa sọ ọ̀rọ̀ orin náà pẹ̀lú rẹ̀ láìkọ ọ́ rárá, kí ẹ fi ìkọ̀wé sàmì síbi tí ó ti ń mí àti ibi tí ó ti ń pẹ́. Ẹ wá àwo mìíràn tí ó ti kọ orin kan náà, kí ẹ sàmì sí ìyẹn pẹ̀lú. Níbi tí àwo méjèèjì bá ti yàtọ̀, ẹ ní òmìnira láti ṣe ìpinnu tiyín níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti bára mu, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti kà sí ọ̀wọ́n jù. Ẹ fi ohùn ara yín kọ ọ́ báyìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀, nítorí pé apá kan nínú ohùn tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń kọrin ń gba inú egungun orí yín dé etí, àwọn èrò kò sì gbọ́ ọ. Ìgbà tí ẹni tí ó mọ orin náà bá ti ń dá Holiday mọ̀ nínú ohùn tiyín ni kí ẹ tó fi díẹ̀ kún un láti inú dídún tirẹ̀, kí ó má sì pọ̀.

Ní ti Armstrong, ẹ má fi agbára há ohùn. Bí ọ̀fun bá ń dùn yín lẹ́yìn orin kan, ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é kò dára, fífún tán-án-ná mọ́ra ní alaalẹ́ sì lè mú kí nǹkan hù sórí wọn. Ẹ há ohùn lórí ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìlà kan, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù lọ ní ohùn yín. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é ní àwọn àwo rẹ̀ àtijọ́ kò jìnnà sí èyí. Bí ohùn yín bá há tí kò sì já gaara lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà ọ̀fun kí ẹ tó tún gun orí ìtàgé. Holiday ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ jẹ́ kí Armstrong ṣì dúró, nítorí pé orin Armstrong kò sí lọ́wọ́ akọrin nìkan: onílù àti ẹni tí ń tẹ dùùrù yín gbọ́dọ̀ kọ́ láti má sáré dúró dè yín nígbà tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ lẹ́yìn, ìyẹn sì ni ohun tí ó yẹ kí ẹ bá olórí ẹgbẹ́ yín sọ.